Ta Ni Ó Ni Àjẹkù?

Àwọn àgbà ilẹ̀ Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àjẹṣẹ́kù là ń mayo. Òwe náà kò ṣòro láti túmọ̀. Bí ènìyàn bá jẹun tí ó sì ṣẹ́ díẹ̀ kù sínú àwo, ìgbà náà ni a tó mọ̀ pé ó yó. Ẹni tí ó bá jẹ tirẹ̀ tán, tí ó tún ń fi ìka lá ìdí àwo, ebi kò tíì kúrò nínú ẹni bẹ́ẹ̀. Ó ti pẹ́ tí a ti ń pa òwe yìí, kò sì sí ẹni tí ó ń bá àwọn tí ó pa á jà. Ṣùgbọ́n ní ayé òde òní, òwe kan náà yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn dì mú nígbà tí wọ́n bá ń da oúnjẹ nù. Wọn a sè é jù, wọn a bù ú jù, wọn a jẹ díẹ̀ níbẹ̀, wọn a sì da ìyókù sí ààtàn. Bí ẹnìkan bá bi wọ́n léèrè, wọn a ní, "Ṣé ẹ kò mọ̀ pé àjẹṣẹ́kù là ń mayo ni?"

Ọ̀rọ̀ yìí yẹ ní àgbéyẹ̀wò, nítorí pé òwe náà kò sọ ohun tí irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ ń fi í sọ. Ohun tí ó sọ ni pé kí á ṣẹ́ oúnjẹ kù. Kò sọ pé kí á dà á nù. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ìṣẹ́kù àti ìdànù kì í ṣe kékeré rárá. Ohun tí a bá ṣẹ́ kù ní ẹni tí a ṣẹ́ ẹ kù fún. Ohun tí a bá dà nù kò ní ẹnìkan. Nítorí náà, ìbéèrè tí ó yẹ kí baálé ilé àti ìyàwó ilé máa bi ara wọn lójoojúmọ́ ni èyí: ta ni ó ni àjẹkù?

ÀJẸKÙ NÍ ONÍNǸKAN

Ẹ jẹ́ kí á fi ìlú Odò-Àpé ṣe àpẹẹrẹ. Ìlú àgbẹ̀ ni Odò-Àpé ní ilẹ̀ Bùnú, lábẹ́ Ìjọba Ìbílẹ̀ Kábà àti Bùnú, ní Ìpínlẹ̀ Kogí. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Òkun ni àwọn ará Bùnú, pẹ̀lú àwọn Òwé tí ó ni Kábà, àwọn Ìjùmú, àwọn Yàgbà àti àwọn Ọ̀wọ̀rọ̀. Iṣu, ẹ̀gẹ́, ọkà bàbà, àgbàdo, ẹ̀wà àti ẹ̀gúsí jẹ́ ara ohun tí àgbẹ̀ ibẹ̀ mọ̀ bí ẹni mọ owó. Láti ìgbà tí ẹ̀bù bá ti wọ inú ebè títí di ìgbà tí iṣu yóò fi ṣe é wà, ó lè tó oṣù mẹ́fà sí mẹ́wàá. Ẹni tí ó ti fi ọkọ́ àti òógùn dúró de iṣu fún irú àkókò bẹ́ẹ̀ kò lè fi ojú yẹpẹrẹ wo ẹyọ òkèlè kan.

Bí ètò oúnjẹ ṣe rí ní irú ìlú bẹ́ẹ̀ láyé àtijọ́ ni pé kò sí ìjẹkù tí kò ní onínǹkan. Bí baálé bá jókòó ti iyán, ọmọ kékeré kan ni yóò gbé omi ìṣanwọ́ wá, òun náà ni yóò sì dúró títí láti kó àwo. Bàbá mọ̀ pé ọmọ náà wà níbẹ̀; nítorí náà yóò ṣẹ́ òkèlè díẹ̀ kù, yóò sì fi ẹran kan sílẹ̀ nínú ọbẹ̀. Àjẹkù bàbá, ti ọmọ tí ó kó àwo ni. Kò sí ẹni tí ó ń kéde rẹ̀. Gbogbo ilé mọ̀ ọ́n. Ìdí nìyí tí ẹni tí ó bá jẹ tirẹ̀ tán pátápátá fi máa ń dà bí ọ̀kánjúwà lójú àwọn àgbà: ó jẹ ìpín ẹlòmíràn mọ́ tirẹ̀.

Ètò náà kò dúró sí ọ̀dọ̀ ọmọ nìkan. Èpo iṣu, ti ewúrẹ́ àti àgùntàn ni. Èérí àgbàdo, ti adìẹ àti ẹran ọ̀sìn ni. Eegun, ti ajá ni. Iṣu sísè tí ó bá ṣẹ́ kù ní alẹ́, wọn a dín in ní òwúrọ̀. Ẹ̀kọ tí ó bá di ti àná, wọn a fọ́ ọ sínú omi, wọn a mu ún. Ìkòkò ọbẹ̀ kì í sùn láìjẹ́ pé a gbé e ka iná kí ó hó, kí ó má baà kan. Ohun tí ọmọ kò jẹ, tí ewúrẹ́ kò jẹ, tí adìẹ kò sì ṣà, òun ni ó ń dé ààtàn. Níbẹ̀ ni yóò ti jẹrà, tí yóò di ilẹ̀ dúdú tí ata, tòmátò, ìbẹ́pẹ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń hù lórí rẹ̀. Ohun tí ó ti oko wá a sì tún padà di ohun tí ń bọ́ oko. Ohun tí a ní là ń náání. Ọmọ aṣẹ́gità ń náání èpo igi.

Ọgbọ́n ìpamọ́ náà kò kéré. Iṣu tí ó bá fẹ́ bàjẹ́ a di èlùbọ́: wọn a bó o, wọn a bọ̀ ọ́, wọn a sá a sí oòrùn títí yóò fi gbẹ kangbangban. Iṣu tí wọ́n fẹ́ pa mọ́ ní tútù, wọn a so ó mọ́ igi nínú àká tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ kọjá, níbi tí oòrùn kò ti ní í pa á. Ilá a di ilá gbígbẹ, ata a di ata gígún, ẹran àti ẹja a sì lọ sórí àjà ìdáná níbi tí èéfín yóò ti pa wọ́n mọ́. Ní Ìkirè, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tí ó ti pọ́n kọjá ààlà, tí ẹlòmíràn ìbá sọ sí ìgbẹ́, ni wọ́n sọ di dodo Ìkirè tí gbogbo arìnrìn-àjò mọ̀. Ìlú kan fi ohun tí ó ń lọ sí ààtàn di olókìkí.

IBI TÍ OKÙN NÁÀ TI JÁ

Kí ni ó wá ṣẹlẹ̀ tí oúnjẹ fi bẹ̀rẹ̀ sí í di ìdọ̀tí láàrin wa? Kì í ṣe pé àwọn ènìyàn ìsinsìnyí burú ju àwọn baba wọn lọ. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé àwọn tí ó ni àjẹkù ti ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sì sí ẹni tí ó yí ìwọ̀n oúnjẹ padà. Ọmọ tí ó máa ń kó àwo ti lọ sí ilé-ìwé ní Kábà, ní Lọ́kọ́jà tàbí ní Ìlọrin. Ọmọ Odò-Àpé tí ó ń gbé ìyẹ̀wù méjì ní ìgboro kò ní ewúrẹ́ lẹ́yìnkùlé, bẹ́ẹ̀ ni onílé kò ní í gbà kí ó sin ín. Ìyá tí ó kọ́ bí a ti ń se oúnjẹ nínú agbo ilé tí ènìyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ń gbé ń se irú ìkòkò kan náà fún ènìyàn mẹ́rin. Ọwọ́ rẹ̀ kò tíì gbàgbé ilé àtijọ́. Ilé tuntun ni kò gba ohun tí ọwọ́ náà bù.

Firíjì tí ó yẹ kí ó gba ipò àjà ìdáná kò ṣe é gbẹ́kẹ̀lé, nítorí iná mànàmáná a máa lọ fún ọjọ́ púpọ̀. Ẹni tí ó ra ẹran àti tòmátò ọ̀sẹ̀ kan pamọ́ a rí i ní ọjọ́ kẹta pé wọ́n ti rà. Irú ìbàjẹ́ yìí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ìyàwó ilé nìkan. Ṣùgbọ́n bí a bá mọ̀ pé iná kò dúró, kí ló dé tí a kọ ọgbọ́n sísá, yíyan àti gbígbẹ sílẹ̀ bí ẹni pé ìtìjú ni wọ́n?

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá dùn ni jù ni òde ìnáwó. Bí ìsìnkú àgbàlagbà tàbí ìgbéyàwó bá kù sí dẹ̀dẹ̀, olóde a máa bẹ̀rù ohun kan ju gbogbo ohun mìíràn lọ: kí oúnjẹ má tán. Bí oúnjẹ bá tán, àwọn ènìyàn yóò ní ahun ni. Nítorí ìbẹ̀rù yìí, yóò se ìrẹsì tí ó tó ìlú méjì. Àlejò kan yóò gba àwo mẹ́ta, yóò fi síbí kan ọ̀kọ̀ọ̀kan, yóò sì dìde. Ní ìrọ̀lẹ́, ìrẹsì, iyán àti ẹran yóò dà pọ̀ mọ́ ike omi, ọ̀rá àti ìwé ìnuwọ́ nínú agbada kan, débi pé ewúrẹ́ pàápàá kò lè rí ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀. Olóde a sì wà nínú gbèsè fún oṣù púpọ̀ lórí ohun tí ààtàn jẹ.

Ṣé bí àwọn baba àwọn ará Bùnú ṣe ń bọlá fún òkú àgbà nìyí? Aṣọ ni ilẹ̀ Bùnú fi gbajúmọ̀ láti ayé àtijọ́. Aṣọ pupa tí à ń pè ní aṣọ ipò, tí wọ́n ń hun níbẹ̀, wà lára ohun tí wọ́n fi ń ṣe ẹ̀yẹ fún òkú àgbà tí ó lórúkọ. Ọwọ́ ni ó ṣe é, sùúrù ni ó parí rẹ̀, ojú gbogbo ènìyàn ni ó sì rí i. Ọlá tí a hun nìyẹn. Ọlá tí a fi abọ́ bù sí ààtàn kò sí nínú àṣà tí wọ́n fi lé ọmọ wọn lọ́wọ́.

OHÙN ÀWỌN TÍ KÒ GBÀ

Ó di dandan kí á gbọ́ ohùn àwọn tí kò fara mọ́ ọ̀rọ̀ yìí, nítorí agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Wọ́n ní àlejò lè dé nígbàkúgbà, ilé Yorùbá kò sì gbọdọ̀ ṣófo. Òtítọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n inú àká ni ilé Yorùbá ti ń dúró de àlejò, kì í ṣe inú ìkòkò. Iṣu wà, èlùbọ́ wà, ẹran gbígbẹ wà lórí àjà. Bí àlejò bá dé, iná ni ó kù kí a dá. Oúnjẹ tí a kò tíì sè lè dúró de àlejò fún oṣù mẹ́ta. Èyí tí a ti sè kò lè dúró dè é di ọ̀túnla.

Àwọn mìíràn ní ẹni tí ó ń wọn oúnjẹ, ahun ni. Àwọn yìí ni ó yẹ kí á dá lóhùn dáradára. Ahun ni ẹni tí kò fún ẹlòmíràn. Ẹni tí ó bu ìwọ̀n tí ó tó, tí ó sì gbé ìyókù fún aládùúgbò kí ó tó kan, ṣé òun ni ahun ni, tàbí ẹni tí ó jẹ́ kí oúnjẹ kan kí ó tó rántí pé ebi ń pa ẹnìkan ní òdìkejì ògiri?

Àríwísí kẹta wà tí ó lágbára ju méjèèjì lọ, ẹnu àwọn ọ̀dọ́ ni ó sì ti ń jáde jù. Wọ́n ní ètò àtijọ́ kò dára tó bí a ti ń ròyìn rẹ̀. Bàbá ni ó ń jẹ ẹran, ọmọ a máa dúró de egungun. Ìyá tí ó se oúnjẹ ni ó sì ń jẹun kẹ́yìn. Òtítọ́ ni èyí náà, kò sì yẹ kí a fi ìfẹ́ àṣà bò ó mọ́lẹ̀. Ọmọ tí ń dàgbà nílò ẹran àti ẹyin ju àgbàlagbà lọ, a kò sì gbọdọ̀ sọ ọ́ di ẹni tí yóò máa fi àjẹkù dàgbà. Kí ọmọ ní àwo tirẹ̀, kí ìyá jẹun pẹ̀lú ilé rẹ̀. Kì í ṣe ipò ọmọ ní ìdí àwo ni ó yẹ kí á dá padà. Ohun tí ó yẹ kí á dá padà ni ìmọ̀ tí ó wà lẹ́yìn ètò náà: kí a tó bu oúnjẹ, kí a ti mọ ẹni tí yóò jẹ ẹ́ àti ẹni tí yóò jẹ ìyókù rẹ̀.

OHUN TÍ ÀÀTÀN Ń ṢE SÍ OJÚ Ọ̀RUN

Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sí ilẹ̀ Bùnú. Àjọ Ìṣọ̀kan Orílẹ̀-èdè Àgbáyé, nípasẹ̀ ẹ̀ka rẹ̀ tí ó ń bójú tó àyíká, gbé ìṣirò kan jáde ní ọdún 2024. Ìṣirò náà fi hàn pé oúnjẹ tí ó tó tọ́ọ̀nù bílíọ̀nù kan ó lé mílíọ̀nù 50 ni a dà nù káàkiri àgbáyé ní ọdún 2022. Nínú rẹ̀, tọ́ọ̀nù mílíọ̀nù 631 ni ó ti inú ilé wá, kì í ṣe láti ọjà tàbí ilé oúnjẹ. Bí a bá pín èyí tí ó ti inú ilé wá láàrin gbogbo ènìyàn ayé, ìpín ẹnìkọ̀ọ̀kan jẹ́ kílò 79 lọ́dún. Àpò ìrẹsì kílò 50 kan àti ààbọ̀ ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́, tí olúkúlùkù gbé sọ nù. Àjọ náà sì fi hàn pé kì í ṣe orílẹ̀-èdè olówó nìkan ni èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Ilé tálákà náà ń da oúnjẹ nù.

Báwo ni oúnjẹ tí a dà nù ṣe ń ba àyíká jẹ́, nígbà tí ó jẹ́ pé ohun tí ń jẹrà ni? Ibi tí ó ti ń jẹrà ni ọ̀rọ̀ wà. Bí a bá tẹ́ ìdọ̀tí oúnjẹ sílẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí i, tí adìẹ ń tú u, yóò jẹrà wọ́ọ́rọ́wọ́, yóò sì di ilẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá kó o jọ gègèrè, tí ọ̀rá wé mọ́ ọn, tí afẹ́fẹ́ kò rí ọ̀nà wọ inú rẹ̀, afẹ́fẹ́ búburú kan tí à ń pè ní mẹ́tẹ́ènì ni yóò máa ti inú rẹ̀ jáde. Afẹ́fẹ́ yìí a máa gòkè lọ dà bí aṣọ ìbora lórí ayé, a sì máa dí ooru oòrùn mọ́ ayé lára. Láàrin ogún ọdún, agbára rẹ̀ láti mú ayé gbóná ju ti èéfín kábọ́nì lọ ní ìlọ́po 80. Oúnjẹ tí ó bàjẹ́ ní oko, ní ojú ọ̀nà àti nínú ilé ni ó ń fa ìdá 8 sí 10 nínú ìdá ọgọ́rùn-ún àwọn afẹ́fẹ́ tí ń mú ayé gbóná. Gáàsì inú ààtàn a tún máa bọ́ iná. Ní oṣù kẹta ọdún 2018, ààtàn ńlá Olúsosùn ní Ọ̀jọ́ta, ní Èkó, gbiná, èéfín rẹ̀ sì bo àdúgbò mọ́lẹ̀.

Àwọn ará Ìpínlẹ̀ Kogí kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé fún wọn ohun tí omi lè ṣe. Ní ọdún 2012, àti lẹ́ẹ̀kan sí i ní ọdún 2022, odò Ọya àti odò Bẹ́núè tí ó pàdé ní Lọ́kọ́jà kún bo ilé àti ọ̀nà. Ní ọdún 2022 nìkan, ó ju ẹgbẹ̀ta ènìyàn lọ tí omíyalé pa káàkiri Nàìjíríà. Kò sí ẹni tí yóò sọ pé àwo iyán kan ni ó fa èyí. Omi tí wọ́n tú sílẹ̀ láti ìdídò Lagdo ní Kamẹrúùnù wà níbẹ̀, ilé tí a kọ́ sí ojú omi náà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ tí ó yẹ òjò ọdún náà wò rí i pé gbígbóná ayé ti mú kí irú òjò àrọ̀ọ̀rọ̀dá bẹ́ẹ̀ túbọ̀ máa ṣẹlẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni èkúté ń jẹ awọ. Díẹ̀díẹ̀ náà ni àwo kan àti àwo kan ń di òkè.

EBI ÀTI ÌDÀNÙ NÍNÚ ILÉ KAN

Bí ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ bá jìnnà sí ẹnìkan, ọ̀rọ̀ ebi kò jìnnà. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, iye owó oúnjẹ ní Nàìjíríà fi ìdá 40.87 nínú ọgọ́rùn-ún ga ju ti ọdún tí ó ṣáájú rẹ̀ lọ, gẹ́gẹ́ bí ìṣirò ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ti fi hàn. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá ọdún náà, ní Abuja àti ní Okija ní Ìpínlẹ̀ Anambra, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó kú nínú ìtìpọ̀pọ̀ níbi tí wọ́n ti ń pín oúnjẹ ọ̀fẹ́ fún aláìní. Ní ọ̀sẹ̀ kan náà, òde ìnáwó kò dáwọ́ dúró ní ìlú kankan. Ẹni tí ó bá so ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí pọ̀ nínú ọkàn rẹ̀ kò ní í fi òwe àjẹṣẹ́kù ṣeré mọ́.

Ohun kan sì wà lẹ́bàá ilé àwọn ará Bùnú fúnra wọn tí ó ṣàpèjúwe gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Ìpínlẹ̀ Kogí wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tí ó ń pèsè kajú jù ní Nàìjíríà. Ní àsìkò rẹ̀, láti bí oṣù kejì sí oṣù karùn-ún, tọmọdé tàgbà a máa ṣà á. Wọn a yọ kóró rẹ̀, wọn a sì tà á fún oníṣòwò tí yóò kó o lọ sí òkè òkun. Èso rẹ̀ ńkọ́, èyí pupa àti èyí aláwọ̀ òféefèé tí ó kún fún omi dídùn? Àwọn ọmọdé a mu díẹ̀. Ìyókù a jẹrà sí ìdí igi. Bẹ́ẹ̀ sì ni ìwọ̀n èso náà lè tó ìlọ́po márùn-ún sí mẹ́wàá kóró tí wọ́n mú lọ, èròjà aṣaralóore fítámì C tí ó wà nínú rẹ̀ sì pọ̀ ju ti ọsàn lọ. Ní Brazil, wọ́n ń fún omi rẹ̀ sínú ìgò tà. Ní orílẹ̀-èdè Benin tí ó bá wa pààlà, wọ́n ń ṣe irú rẹ̀. Kóró kajú ní onínǹkan, ó sì di owó. Èso kajú kò ní onínǹkan, ó sì di ìdọ̀tí. Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo tí ó wà láàrin wọn nìyẹn.

OHUN TÍ Ó YẸ NÍ ṢÍṢE

Kí ni ó wá yẹ kí á ṣe? Èkíní, kí ìyàwó ilé àti baálé jọ mọ iye ẹnu tí ó wà nínú ilé kí wọ́n tó gbé ìkòkò ka iná. Kí a máa bù díẹ̀, kí ẹni tí kò yó sì tọrọ sí i. Ó sàn kí ọmọ sọ pé, "Ìyá mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bù sí i fún mi," ju kí ìyá máa da ìdajì àwo rẹ̀ nù lọ. Èkejì, kí oúnjẹ tí ó ṣẹ́ kù ní orúkọ kí ilẹ̀ tó ṣú: ti òwúrọ̀ ọ̀la ni, tàbí ti aládùúgbò, tàbí ti ẹran ọ̀sìn. Ẹ̀kẹta, kí òde ìnáwó yan ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta tí iṣẹ́ wọn yóò jẹ́ láti kó oúnjẹ tí ọwọ́ kò tíì kàn, nígbà tí ó ṣì gbóná, lọ fún àwọn opó, àwọn arúgbó àti àwọn aláìsàn inú ìlú. Kí olóde má dúró di ọjọ́ kejì. Ìlú tí ó bá ṣe èyí lẹ́ẹ̀mẹta yóò sọ ọ́ di àṣà.

Ẹ̀kẹrin ni ọ̀rọ̀ ààtàn. Àwọn àgbà ní àkìtàn kì í kọ ilẹ̀kílẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n pa òwe náà, ewé àti èpo ni ilẹ̀ tí wọ́n ń gbá. Ààtàn òde òní gbọ́dọ̀ kọ́ bí a ti ń kọ nǹkan. Kí ọ̀rá àti ike ní ibi tiwọn, kí èpo iṣu àti ìdọ̀tí oúnjẹ ní ibi tiwọn, kí a sì máa da ewé gbígbẹ bò ó, kí a máa tú u kí afẹ́fẹ́ lè wọ inú rẹ̀. Láàrin oṣù díẹ̀ yóò di ajílẹ̀ tí kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀, ní àkókò tí owó ajílẹ̀ inú àpò ti kọjá agbára ọ̀pọ̀ àgbẹ̀. Àwọn olùkọ́ lè fi èyí ṣe ẹ̀kọ́ ní ọgbà ilé-ìwé. Ẹ̀kọ́ tí ọmọ fi ọwọ́ tú kì í tètè kúrò lórí rẹ̀.

Ìjọba náà ní ìpín tirẹ̀, kò sì yẹ kí ó fi gbogbo ẹrù lé orí ìyàwó ilé. Ẹ̀gẹ́ tí a wà kì í kọjá ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Bí ọ̀nà oko bá burú, tí ọkọ̀ kò lè wọlé, ìdànù ti bẹ̀rẹ̀ kí oúnjẹ tó dé ilé. Ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí ó ń ṣe ìwádìí lórí ìpamọ́ irè oko ní olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ sí Ìlọrin, kò sì jìnnà sí ilẹ̀ Òkun. Ìmọ̀ tí ó wà níbẹ̀ gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ àgbẹ̀ ní èdè tí ó gbọ́. Ní ilẹ̀ Kòríà ti Gúúsù, láti ọdún 2005 ni wọ́n ti fi òfin de kíkó oúnjẹ lọ bò mọ́lẹ̀ ní ààtàn, nígbà tí ó sì di ọdún 2013, olúkúlùkù ilé bẹ̀rẹ̀ sí í sanwó gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n oúnjẹ tí ó dà nù. Wọ́n ń sọ èyí tí wọ́n bá kó jọ di oúnjẹ ẹran àti ajílẹ̀. Ohun tí wọ́n fi òfin àti owó ṣe níbẹ̀, ọmọ kékeré kan, ewúrẹ́ méjì àti ààtàn ẹ̀yìnkùlé ni ó ń ṣe é ní Odò-Àpé láìsí òfin.

Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe pa òwe àwọn àgbà rẹ́. Òwe náà dúró: àjẹṣẹ́kù là ń mayo. Kí ẹni tí ó yó ṣẹ́ díẹ̀ kù, kò burú. Ṣùgbọ́n kí ó tó dìde nídìí àwo, kí ó wo ọ̀tún, kí ó wo òsì, kí ó sì mọ ẹni tí ó ṣẹ́ ẹ kù fún. Bí kò bá rí ẹnìkan, kì í ṣe pé ó yó. Ó bù jù ni.